Ẹ̀yin olóòtú, nonprofit kì í ṣe aláìlérè

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o, ẹ sì kú àìsinmi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, mi kì í sì í sáábà kọ lẹ́tà sáwọn oníwèé ìròyìn, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí, ọ̀rọ̀ yẹn náà ni "aláìlérè". Lọ́sẹ̀ tó kọjá ẹ gbé ìròyìn kan jáde nípa àwọn dókítà tó lọ ń tọ́jú àwọn tógun lé kúrò nílé wọn, iṣẹ́ ńlá làwọn èèyàn yẹn ṣe, ẹ̀yin náà sì kọ ọ́ dáadáa, àfi ibi tẹ́ ẹ ti pè wọ́n ní "àjọ aláìlérè". Mo ka ibẹ̀, mo tún un kà, inú mi ò dùn rárá. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní in lọ́kàn láti bú wọn, ọ̀rọ̀ Òyìnbó nonprofit, tí wọ́n fi ń pe àjọ tí wọn ò torí èrè dá sílẹ̀, lẹ fẹ́ túmọ̀, ẹ rí "non" ẹ fi "aláì" sí i, ẹ rí "profit" ẹ fi "èrè" sí i, ẹ wá so méjèèjì pọ̀. Àmọ́ ohun tó bọ́ sétí ẹni tó gbọ́ Yorùbá ni pé àwọn dókítà yẹn ò wúlò.

Ẹ jẹ́ ká wo bá a ṣe ń lò ó lẹ́nu lójoojúmọ́. Tẹ́nì kan bá ń ṣe wàhálà lórí ohun tí ò lè yọrí síbì kankan, a máa ń bi í pé "kí lèrè ẹ̀?" Kì í ṣe pé à ń bi í pé èló ló máa jẹ níbẹ̀ o, ohun tá à ń bi í ni pé kí ló wà fún. Àròyé tí ò lérè, ìjà tí ò lérè, ọ̀rọ̀ aláìlérè, ibì kan náà ni gbogbo ẹ̀ forí lé, asán ni. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá mọ èyí délẹ̀délẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí ọ̀gá ẹ̀ fún ní tálẹ́ńtì kan, tó lọ gbẹ́ ilẹ̀ tó rì í mọ́bẹ̀, nínú Mátíù orí 25, "aláìlérè ọmọ ọ̀dọ̀" ni wọ́n pè é, wọ́n sì ní kí wọ́n jù ú sínú òkùnkùn lóde. Tẹ́ ẹ bá ṣí ti Òyìnbó àtijọ́, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀ ni unprofitable. Kì í ṣe nonprofit. Ṣé ẹ wá rí i pé ibi tí wọ́n ju ọmọ ọ̀dọ̀ yẹn sí làwa náà ń ju àwọn tó ń ṣoore sí, tá a bá pè wọ́n ní aláìlérè?

Unprofitable àti nonprofit jìnnà síra gan-an, mo sì fẹ́ dúró lórí ẹ̀ díẹ̀ torí ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti ń dàrú. Tí wọ́n bá pe iléeṣẹ́ kan ní unprofitable, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé iléeṣẹ́ yẹn ń wá èrè, kò rí i, owó tó ń wọlé ò tó èyí tó ń jáde. Nonprofit ò sọ nǹkan kan nípa bóyá owó wọlé tàbí kò wọlé. Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ dá a sílẹ̀ ló ń sọ, àti ibi tówó máa gbà tó bá ṣẹ́kù. Ìdí nìyẹn tí àjọ kan tó jẹ́ nonprofit fi lè parí ọdún kówó rẹpẹtẹ ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́, tí iléeṣẹ́ oníṣòwò ńlá kan tó ní onípìn-ín lọ́tùn-ún lósì á sì parí ọdún yẹn kan náà pẹ̀lú gbèsè. Ti àkọ́kọ́ ṣì jẹ́ nonprofit, ti ẹ̀ẹ̀kejì ò sì di nonprofit torí pé ó pàdánù. Mo máa ń gbọ́ táwọn èèyàn ń sọ pé "òwò mi ti di nonprofit o" tọ́jà ò bá tà, ó sì máa ń dùn mí, torí ẹni tó bá ti mọ́ lára láti máa lò ó báyẹn, tó bá pàdé àjọ tó ń tọ́jú aláìsàn lọ́la, ojú tó fi ń wo ilé tó ti wó ló máa fi wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tọ́rọ̀ yìí fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń bá ẹgbẹ́ kékeré kan ṣe ìṣirò owó. Iṣẹ́ wa ò ju ká tẹ ìwé fáwọn tí ò ríran lọ, ìwé braille, èyí tí àmì ẹ̀ yọ sókè lára pépà tí wọ́n ń fi ìka ọwọ́ kà. A máa ń ta díẹ̀ fáwọn ilé ẹ̀kọ́ tágbára wọn gbé e, a máa ń fún àwọn tí ò ní lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn èèyàn sì máa ń dáwó fún wa. Lọ́dún kan, lẹ́yìn tá a san gbogbo ohun tó yẹ ká san, owó ṣẹ́kù. Kì í ṣe owó ńlá, àmọ́ ó ṣẹ́kù. Mo dìde níbi ìpàdé ọdọọdún, mo ka ìṣirò fún wọn, inú mi ń dùn, mo rò pé wọ́n máa pàtẹ́wọ́ ni. Bàbá kan tó wà lára àwọn àgbà ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ dìde, wọ́n ní "Akọ̀wé owó, kí lẹ fẹ́ kó wa sí yìí? Ẹgbẹ́ aláìlérè la pe ara wa nígbà tá à ń forúkọ sílẹ̀, báwo lowó ṣe wá ṣẹ́kù, ṣé a ò tíì rú òfin báyìí?" Kí n tó dá wọn lóhùn, ẹnì kan ti ń sọ̀rọ̀ látẹ̀yìn, ó ní tó bá jẹ́ pé owó ṣẹ́kù lóòótọ́ kí wọ́n yáa pín in fún àwa tá a ti ń ṣiṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ ọdún, àwa náà láyà àtọmọ nílé.

Wákàtí kan ààbọ̀ la lò lórí ẹ̀. Ẹnì kan ń bẹ̀rù pé a lérè, ẹnì kejì fẹ́ ká pín in, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ṣi àwọn méjèèjì lọ́nà, mi ò sì lè bínú sí ìkankan nínú wọn torí olóòótọ́ èèyàn ni wọ́n, ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn sọ fún wọn ni wọ́n gbà gbọ́. Mo ní "Bàbá, a ò rú òfin kankan, owó lè ṣẹ́kù sọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ohun tí ò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ ni kó ṣẹ́kù sọ́wọ́ èmi tàbí ẹ̀yin." Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rọ tá a fi ń tẹ ìwé dákú, ibi tó ń lu àmì sára pépà ló bàjẹ́ pátápátá, owó yẹn la fi tún un ṣe. Ká ní a ti pín in ni, tàbí ká ní a ti sáré ná an kí ìwé ìṣirò lè fi òdo hàn, àwọn ọmọ tó ń retí ìwé wa ì bá retí títí.

Nínú gbogbo òfin tí mo ti kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, ti Amẹ́ríkà ló yé mi jù. Látọdún 1909 tí wọ́n ti ń ṣòfin owó orí lórí àwọn iléeṣẹ́, wọ́n ti fi gbólóhùn kan sí i pé àjọ tí wọ́n máa yọ̀ǹda pé kó má sanwó orí gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí apá kankan nínú owó tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ẹ̀ kì í bọ́ sápò onípìn-ín tàbí ẹnì kankan. Gbólóhùn yẹn ṣì wà títí dòní nínú abala tí wọ́n ń pè ní 501(c)(3). Ẹ wò ó dáadáa, òfin yẹn ò sọ pé kówó má ṣẹ́kù o, ó ti gbà pé ó máa ṣẹ́kù, ibi tó ń lọ ló ń ṣọ́. Lọ́dún 1980, ọ̀mọ̀wé nípa òfin kan tó ń jẹ́ Henry Hansmann kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn amòfin ní Yunifásítì Yale, ó ní ohun tó ya irú àjọ yìí sọ́tọ̀ ni pé wọ́n dí ọ̀nà pípín èrè mọ́ ọn, ó sì ṣàlàyé ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó dáwó kí wọ́n fi bọ́ ẹni tébi ń pa níbi tó jìnnà kò lè wà níbẹ̀ láti fojú ara ẹ̀ rí i bóyá oúnjẹ dé, ìyẹn ló ṣe máa ń rọrùn fún un láti fọkàn tán àjọ tí kò sẹ́ni tí òfin gbà láyè pé kó fi ìyókù ṣe tara ẹ̀. Nígbà tí mo ka àlàyé yẹn, ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan wà níbi ìpàdé wa lọ́jọ́ yẹn tó ń bá mi dá bàbá yẹn lóhùn.

Ohun tó ń jẹ́ kó dùn mí jù ni pé èdè wa ò ṣaláìní ọ̀rọ̀. Yorùbá ní "ní èrè", ó ní "wá èrè", ó ní "jẹ èrè", ó ní "pín èrè", kò sì sí èyí tó jọra nínú wọn. Ẹni tó bá ń wá èrè lè má ní in. Ẹni tó bá ní in lè má jẹ ẹ́, ó lè dá a pa dà sínú iṣẹ́. Àjọ tó jẹ́ nonprofit lè ní èrè, kódà ó lè ní in lọ́pọ̀lọpọ̀, ó kàn jẹ́ pé torí èrè kọ́ ló ṣe dúró, kò sì sí ẹnì kankan tó máa jẹ ẹ́. Ìtumọ̀ méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ Òyìnbó yẹn, ọ̀kan jẹ́ ti ìdí tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà, èkejì jẹ́ ti ohun tí wọ́n kà léèwọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń sọ ti ìdí, ẹ lè kọ "àjọ tí kò torí èrè dúró" tàbí "iṣẹ́ tí wọn ò torí èrè ṣe". Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ òfin lẹ̀ ń kọ, "àjọ tí kì í pín èrè" ló ṣe rẹ́gí. Mo mọ̀ pé ó gùn ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ, pé àyè sì máa ń há fún àkọlé ìròyìn, àmọ́ mo fara mọ́ kó gùn kó sì pé. Àwọn kan ti dábàá "aláìwá-èrè" fún mi, kò burú, àmọ́ ẹ má fà á pọ̀ di ẹyọ kan o, torí ẹni tó bá gbọ́ ọ lórí rédíò lè rò pé wèrè lẹ̀ ń wí. Ẹ sì jọ̀ọ́, àmì ohùn, ẹ má yọ ọ́ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọ ere láìsí àmì, ó lè jẹ́ èrè, ó lè jẹ́ eré tọ́mọdé ń ṣe, ó sì lè jẹ́ ère tí wọ́n gbẹ́, òǹkàwé á kàn máa méfò ni.

Profit fúnra ẹ̀ ò bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ owó o. Látinú èdè Látìn ló ti wá kó tó gba inú Faransé àtijọ́ dé ọ̀dọ̀ Òyìnbó, ìtumọ̀ ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ni kéèyàn máa tẹ̀ síwájú, kí nǹkan máa gòkè. Èrè tiwa náà rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe owó nìkan là ń pè ní èrè, ẹni tó kọ́ ọmọ níwèé tọ́mọ náà sì yege ti jèrè làálàá ẹ̀ bí ò tiẹ̀ gba kọ́bọ̀. Tá a bá wá ní àwọn tó kọ́ ọmọ yẹn ò lérè, irọ́ la pa.

Ọ̀rọ̀ owó oṣù náà ń bí mi nínú, mi ò ní fi bò. Ó pọ̀ tí wọ́n ti ń bi mí pé "Ṣebí nonprofit ni yín, kí ló dé tẹ́ ẹ̀ ń gbowó oṣù?" Òṣìṣẹ́ tó ń tẹ ìwé ń jẹun, ó ń sanwó ilé, dókítà tó fi ilé ẹ̀ sílẹ̀ lọ síbi tógun wà náà ní ìdílé. Owó oṣù kì í ṣe èrè, owó iṣẹ́ ni, a sì ti máa ń yọ ọ́ kúrò ká tó mọ̀ bóyá nǹkan kan tiẹ̀ ṣẹ́kù. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀ là ń pè ní olùyọ̀ǹda ara ẹni, ó wà nínú irú àjọ báyìí, àmọ́ kò pọn dandan kí gbogbo wọn jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí òfin ń wò ni pé kówó oṣù má di ọ̀nà ẹ̀yìn tí wọ́n á máa gbà pín èrè. Ní Amẹ́ríkà látọdún 1996, tí ọ̀gá kan nínú àjọ bẹ́ẹ̀ bá gba ohun tó ju ẹ̀tọ́ ẹ̀ lọ, yàtọ̀ sí pé ó gbọ́dọ̀ dá àlékún yẹn pa dà, wọ́n á tún bu owó orí tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin àlékún náà lé e lórí, tó bá sì kọ̀ tí ò dá a pa dà, wọ́n lè bu owó orí míì tó jẹ́ ìlọ́po méjì àlékún náà lé e. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nìyẹn. Lọ́dọọdún náà ni ọ̀pọ̀ wọn níbẹ̀ máa ń kọ ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Form 990, tí ẹnikẹ́ni lè béèrè fún, iye tí wọ́n ń san fáwọn ọ̀gá sì máa ń wà nínú ẹ̀. Ó wù mí kí gbogbo ẹgbẹ́ níbi gbogbo máa ṣe bẹ́ẹ̀, kódà kí òfin má tíì fipá mú wọn.

Àwọn ọ̀rọ̀ míì tún wà táwọn èèyàn máa ń dà pọ̀ mọ́ ọn, ẹ̀yin náà sì máa ń dà wọ́n pọ̀ nínú ìwé ìròyìn yín nígbà míì. Àjọ aláàánú ni charity. Gbogbo àjọ aláàánú kì í pín èrè, àmọ́ kì í ṣe gbogbo àjọ tí kì í pín èrè ló jẹ́ aláàánú. Nínú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, látìgbà òfin ọdún 1601 ni wọ́n ti ń to ohun tó jẹ́ iṣẹ́ àánú lẹ́sẹẹsẹ, nígbà tó sì di ọdún 1891 ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù kó o sí ọ̀nà mẹ́rin: ríran àwọn tálákà lọ́wọ́, ẹ̀kọ́, ẹ̀sìn, àti ohun míì tó ṣe aráàlú láǹfààní. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò tó kóra jọ láti jà fún òwò ara wọn ò sí nínú ẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbá tẹníìsì fún ìgbádùn ara wọn ò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń pín èrè nínú wọn. Òmíì ni NGO, àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba. Ìwé àdéhùn tí wọ́n fi dá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sílẹ̀ lọ́dún 1945 ló gbé orúkọ yẹn lárugẹ nínú abala 71, ara ìjọba ni orúkọ yẹn yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò, kò sọ̀rọ̀ èrè rárá. Ọ̀fẹ́ náà tún ń bẹ. Ilé ìwòsàn tó jẹ́ nonprofit lè gbowó lọ́wọ́ aláìsàn, yunifásítì tó jẹ́ nonprofit lè gba owó ilé ẹ̀kọ́ tó wọ́n bí ojú.

Noncommercial gan-an ló máa ń da àwọn tó mọ̀wé pàápàá láàmú. Ẹ ti lè rí i lára àwọn àwòrán àti àkọsílẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ Creative Commons, tí oníṣẹ́ fi ń yọ̀ǹda káwọn ẹlòmíì lo iṣẹ́ ẹ̀, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 2002, tí wọ́n bá kọ NC (ìyẹn noncommercial) sí i, ó túmọ̀ sí pé kẹ́nì kankan má lò ó fún òwò tàbí láti fi gbowó. Ẹgbẹ́ wa fẹ́ lo àwòrán kan báyìí nígbà kan, à ń múra láti tà á mọ́ ìwé, ẹnì kan ní kò séwu, ṣebí nonprofit ni wá. Mo ní rárá o. Ìwé àṣẹ yẹn ò bi ẹni tó fẹ́ lò ó léèrè pé irú èèyàn wo ni, ohun tó fẹ́ fi ṣe ló ń wò. Àjọ tí kì í pín èrè lè ṣòwò lọ́sàn-án gangan, oníṣòwò ńlá sì lè ṣe ohun kan tí kì í ṣe tòwò. Nonprofit ń sọ ẹni tó ń ṣe é, noncommercial ń sọ ohun tó ń ṣe.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní "ṣé àjọ tó ń rí bílíọ̀nù lẹ̀ ń pè ní èyí tí kò torí èrè dúró?" Ó ṣeé ṣe, ó sì ń ṣẹlẹ̀. Yunifásítì Harvard kì í pín èrè, owó tó wà nípamọ́ fún un ti ju 50 bílíọ̀nù dọ́là lọ. FIFA, lábẹ́ òfin Switzerland, ẹgbẹ́ lásán ni, kò ní onípìn-ín, owó tó wọlé fún un láàárín 2019 sí 2022 sì ju bílíọ̀nù 7 dọ́là lọ. NFL, líìgì bọ́ọ̀lù tàwọn ará Amẹ́ríkà, ọ́fíìsì tó ń darí ẹ̀ kì í sanwó orí tẹ́lẹ̀ torí pé wọ́n kà á mọ́ ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò, ariwo pọ̀ lórí ẹ̀ títí wọ́n fi fọwọ́ ara wọn yọ̀ǹda àǹfààní yẹn lọ́dún 2015. Mozilla, àwọn tó ṣe Firefox, àjọ tí kì í pín èrè ni wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2003, àmọ́ lọ́dún 2005 wọ́n dá iléeṣẹ́ kan tó ń sanwó orí sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀, àjọ yẹn náà ló ni ín. OpenAI, àwọn tó ṣe ChatGPT, bẹ̀rẹ̀ bí àjọ tí kì í pín èrè ní ìparí 2015, nígbà tó di 2019 wọ́n dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tó lè fún àwọn tó fowó sí i lérè dé ìwọ̀n kan, ìyẹn sì dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀. Wikimedia tó ń bójú tó Wikipedia, tí Yorùbá tiwa náà wà lórí ẹ̀, látọdún 2003 ló ti wà, ọrẹ táwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó tó fi ń ṣiṣẹ́, kì í gba ìpolówó ọjà sórí ìwé ìmọ̀ yẹn. Kò sí bí àwọn wọ̀nyí ṣe jọra, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan náà gba gbogbo wọn.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kẹ́ ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí sí oríkì. Wọ́n máa ń kọ ọ́ gàdàgbà síwájú ọ́fíìsì kí ará ìta lè rò pé ẹni rere ló wà nínú ilé. Nonprofit ò sọ pé èèyàn dáa, ó kàn sọ bí wọ́n ṣe to àjọ náà ni, olè lè wọbẹ̀, ọ̀lẹ lè wọbẹ̀, ẹni tó ń fi owó ọrẹ ra mọ́tò fún ara ẹ̀ ti wọbẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni iléeṣẹ́ tó ń pín èrè lè jẹ́ olóòótọ́, kó máa san owó òṣìṣẹ́ lásìkò, kó máa ta ojúlówó ọjà. Ẹ̀yin akọ̀ròyìn ló yẹ kẹ́ ẹ máa bá wa bèèrè pé owó yẹn dà, kẹ́ ẹ má wulẹ̀ gba orúkọ gbọ́.

Ti bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, kò gba àròyé. Àwọn ará Amẹ́ríkà sábà máa ń kọ nonprofit pọ̀, àwọn ará Britain máa ń fi àmì ìsopọ̀ sí i, non-profit, wọ́n tún máa ń kọ non-profit-making, not-for-profit sì wà níbi gbogbo. Àwọn kan ní not-for-profit yàtọ̀ díẹ̀, pé òun ló sọ ọ́ gbangba pé èrè kọ́ ni ìdí, èmi náà fẹ́ràn ẹ̀ torí ìyẹn, àmọ́ nínú ìwé atúmọ̀ èdè ohun kan náà ni wọ́n sáábà máa ń pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni, ó tún ti di ọ̀rọ̀ orúkọ, wọ́n á ní "a nonprofit", tó bá pọ̀ wọ́n á ní "nonprofits". Àmọ́ wọn kì í fi pe èèyàn o, bí ẹnì kan bá ń ṣoore láìwo èrè, ẹ má kọ ọ́ pé ó jẹ́ nonprofit. Disinterested ni Òyìnbó lè pè é tó bá jẹ́ pé kò ní èrè tara ẹ̀ kankan nínú ọ̀rọ̀ náà, ọ̀pọ̀ èèyàn tún ń fi ìyẹn pe ẹni tí nǹkan ò wù, ìyẹn náà yàtọ̀. Ní tiwa, ọ̀làwọ́ wà, ẹni tí kò mọ tara ẹ̀ nìkan wà, ọ̀rọ̀ yẹn pọ̀ lẹ́nu wa ju bá a ṣe ń lò ó lọ.

Olóòtú, ohun tí mo wá bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Tí àyè bá wà nínú ìwé ìròyìn tọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ bá mi fi ìlà kan ṣàtúnṣe ìròyìn àwọn dókítà yẹn, ẹ pè wọ́n ní àjọ tí kò torí èrè dúró. Mo gé ìròyìn yẹn pa mọ́, torí mo fẹ́ kà á fáwọn ẹgbẹ́ wa nípàdé tó ń bọ̀, bàbá tí mo sọ ọ̀rọ̀ wọn yẹn ṣì máa ń wá, àwọn gan-an ló máa ń kọ́kọ́ bi mí báyìí pé "Akọ̀wé owó, èló ló ṣẹ́kù fáwọn ọmọ?"

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé owó kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín